Orí Karùn-ún: Ìpinnu Kóòṣì Nígbà tí Ikọ̀ Bá Ń Fìdí Rẹmi

Kóòṣì tó ti pàdánù ìdíje mẹ́ta léraléra ni a kọ orí yìí fún. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti àwọn yunifásítì là ń sọ, èyí tí wọ́n sábà máa ń gbá ní Sátidé láti ìparí Oṣù Kẹjọ títí tí Oṣù Kọkànlá fi máa parí. Ìdíje 12 péré ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nínú sáà. Ẹni tó bá borí nínú 6 ni ilẹ̀kùn ìdíje bowl, tí wọ́n fi ń kádìí sáà, sábà máa ń ṣí fún. Tí mẹ́ta bá ti bọ́ sọnù, ìdámẹ́rin sáà ti bá a lọ, àwọn olówó tó ń dáwó fún ikọ̀ á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀gá àgbà yunifásítì lórí fóònù.

Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí kò ní ìmọ̀ràn. Ẹ yí quarterback padà, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Ẹ lé kóòṣì tó ń darí ìgbèjà. Ẹ ṣáà ṣe nǹkan! Èrò tèmi ni pé ìpinnu tó ń gba ikọ̀ là, yàrá fíìmù ni wọ́n ti ń ṣe é, ní ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ Ajé, nígbà tí inú ti rọ̀. Èyí tí kóòṣì bá ṣe lójú òǹwòran ní ọ̀sán Sátidé, tí kò ti rò ó tẹ́lẹ̀, ìbínú tàbí ìbẹ̀rù ló sábà máa ń bí i. Gbogbo ohun tó wà nínú orí yìí, orí èrò yẹn ló dúró lé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìyà tó ń jẹ yín

Ikọ̀ méjì lè pàdánù mẹ́sàn-án nínú ìdíje méjìlá kí ọ̀rọ̀ wọn má jọra rárá. Ọ̀kan wà tí gbogbo alátakò tóbi jù, tí wọ́n yára jù, tí wọ́n sì gbọ́n jù. Òmíràn wà tó ń bá alátakò wọ̀yá ìjà títí di ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn kó tó já bọ́. Ẹni tó bá gbé oògùn ti àkọ́kọ́ fún ìkejì ti fi àkókò àti owó ṣòfò.

Kansas State ayé àtijọ́ ni irú àkọ́kọ́. Nígbà tí Bill Snyder gba iṣẹ́ níbẹ̀ ní ìparí 1988, ikọ̀ náà kò tíì borí ẹnikẹ́ni láti 1986. Nínú ìdíje 27 tí wọ́n gbá tẹ̀léra, wọ́n pàdánù 26, wọ́n ta ọ̀mì nínú ọ̀kan. Snyder náà pàdánù mẹ́ta àkọ́kọ́ tirẹ̀ kí wọ́n tó na North Texas ní 20 sí 17 ní 30 Oṣù Kẹsàn-án 1989, ìyẹn nìkan ṣoṣo ni wọ́n sì borí ní sáà náà. Kò sí ọgbọ́n orí pápá kan tó lè wo irú àìsàn yẹn sàn lọ́dún kan. Ọdún mélòó kan ni Snyder fi kó agbábọ́ọ̀lù jọ díẹ̀díẹ̀. Ó sì ṣe ohun kan tí àwọn onígbèéraga fi ń yẹ̀yẹ́ rẹ̀: ó wá àwọn alátakò tí kò le fún ìdíje tí kì í ṣe ti líìgì wọn, kí àwọn ọmọ náà lè mọ bí ìṣẹ́gun ṣe rí lẹ́nu. Wọ́n borí nínú 5 ní 1990, wọ́n borí nínú 7 ní 1991. Orúkọ Snyder ló wà lára pápá ìṣeré wọn lónìí.

Nebraska ti 2021 ni irú kejì. Wọ́n borí nínú 3, wọ́n pàdánù 9, kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án ọ̀hún tí wọ́n fi ju àmì 9 lọ nà wọ́n. Ẹni tí wọ́n ń fi àmì mẹ́ta tàbí méje nà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó ń dà á láàmú wà níbòmíràn: bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró lójú kan, fáwùlù lásìkò tí kò yẹ.

Ohun tó tẹ̀ lé e ní Dublin, olú ìlú Ireland, ní 27 Oṣù Kẹjọ 2022, tó kí kóòṣì jókòó rò ó dáadáa. Scott Frost, olórí kóòṣì Nebraska, ti lé mẹ́rin lára àwọn kóòṣì ìkọlù rẹ̀ lọ, ó sì ti gba ẹlòmíràn láti máa pe eré, ìyẹn láti máa yan ohun tí ikọ̀ máa ṣe kí bọ́ọ̀lù tó gbéra. Wọ́n ń ṣíwájú Northwestern ní 28 sí 17 lẹ́yìn ìsinmi. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àmì ló máa ń gbá bọ́ọ̀lù fún alátakò, àṣà sì ni pé kó gbá a jìnnà réré kí alátakò lè bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pápá. Òfin tún gbà kí èèyàn gbá a ní ìwọ̀nba, tó bá ṣáà ti kọjá yáàdì 10, kí òun fúnra rẹ̀ sì sáré lọ gbà á padà. Èyí ni Frost ní kí wọ́n ṣe. Northwestern ló gba bọ́ọ̀lù náà, ọ̀nà tó kù níwájú wọn kò jìn mọ́, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá fún touchdown, nígbà tí eré sì parí, 31 sí 28 ni wọ́n fi nà Nebraska.

Ẹni tó fi àmì 11 ṣíwájú, tí wàhálà rẹ̀ sì jẹ́ pé ó máa ń ju ìdíje nù níparí, kí ló fẹ́ fi idán ṣe? Kó gbá bọ́ọ̀lù lọ bí gbogbo ayé ṣe ń gbá a, kó sì jẹ́ kí alátakò rìn jìnnà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Georgia Southern wá nà wọ́n mọ́lé ní 45 sí 42, wọ́n sì lé Frost ní ọjọ́ kejì. Nínú àwọn ìdíje tí àlàfo wọn kò ju àmì 8 lọ, 5 ló borí ní gbogbo ìgbà tó fi wà níbẹ̀, ó sì pàdánù 22.

Láti mọ èyí tó jẹ́ tiyín, ẹ mú ìwé àti gègé ní ọjọ́ Àìkú kí ẹ tó fi fíìmù han àwọn ọmọ. Ẹ kọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà ní gbogbo ìgbà tó bá di tiyín. Ẹ kọ iye ìgbà tí ó bọ́ sọ́wọ́ alátakò. Ẹ kọ fáwùlù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìgbìyànjú kẹta, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ìgbìyànjú mẹ́rin ni ikọ̀ ní láti gbé bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì 10. Tó bá dé ìgbìyànjú kẹta tí yáàdì 8 tàbí 9 ṣì kù, ọmọdé tó wà lórí ìjókòó mọ̀ pé jíjù lẹ máa jù ú, alátakò á sì ya bo quarterback yín láìbẹ̀rù. Òǹwòran á ní eré tí kóòṣì pè ní ìgbìyànjú kẹta kò dára. Rárá o. Ìgbìyànjú kìn-ín-ní tí ẹ fi rí yáàdì kan péré ló ti ba nǹkan jẹ́. Mo ti rí kóòṣì tó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ wá eré tuntun fún ìgbìyànjú kẹta, tí kò sì wo ti àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Quarterback ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi

Ọwọ́ quarterback ni bọ́ọ̀lù ti ń gbéra, òun ló ń jù ú, òun ló ń pín in, orí rẹ̀ náà sì ni wọ́n ń hó lé. Kí ẹ tó fi í sórí bẹ́ǹṣì, ẹ fi aago wo fíìmù. Ẹ máa ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kàn án lọ́wọ́. Tí alátakò bá ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó pé méjì àtààbọ̀, ta lẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ tí wọn kò ní í dà wó? Àwọn márùn-ún tó dúró níwájú rẹ̀ ni ẹ ní í bá wí. Ṣùgbọ́n tó bá ń rí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tó ṣì ń wò bí ẹni tó sọnù sọ́jà, ọ̀rọ̀ ti kan òun fúnra rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn márùn-ún iwájú yìí kì í lókìkí, nítorí wọn kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, àfi ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó wà láàárín wọn ló ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí quarterback. Kó tó fi í ránṣẹ́, ó ti gbọ́dọ̀ wo bí alátakò ṣe tò, kó sì pariwo fún àwọn mẹ́rin yòókù ẹni tí kálukú máa dí. Olúṣẹ́gun Olúwatìmí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀, ṣe iṣẹ́ yìí ní Virginia kó tó kọjá sí Michigan ní 2022. Ní sáà kan ṣoṣo tó lò ní Michigan, ó gba ẹ̀bùn Rimington tí wọ́n ń fún ẹni tó mọ ipò náà jù, ó sì gba Outland tí wọ́n ń fún ẹni tó pegedé jù láàárín àwọn géńdé tó ń jà níwájú. Ìdíje kan péré ni Michigan pàdánù ní sáà náà. Bí ikọ̀ yín bá ń jìyà, tí owó yín sì tó gba ẹnì kan ṣoṣo láti ìta, irú rẹ̀ ni kí ẹ wá. Quarterback olókìkí lè dúró.

Florida State rí èyí lójú méjèèjì. Ní 2023 wọ́n borí nínú 13, wọ́n pàdánù ẹyọ kan. Ní 2024, lábẹ́ olórí kóòṣì kan náà, wọ́n borí nínú 2, wọ́n pàdánù 10. Quarterback tí wọ́n gbà láti ìta ló bẹ̀rẹ̀ sáà, ó farapa, kó sì tó parí, mẹ́ta ni wọ́n ti lò. Kò sí èyí tó rí ibi fẹ̀yìn tì nínú wọn.

Bí fíìmù bá ti fi hàn pé ó yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ṣe é ní ọjọ́ Ajé. Ẹ pe èyí tó ń lọ sẹ́yìn kọ́kọ́, ẹ̀yin àti òun nìkan, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un ní ṣàkó. Lẹ́yìn náà kí ẹ pe èyí tó ń bọ̀ síwájú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn gbọ́ ọ lẹ́nu oníròyìn. Kí ẹ sì gé ìwé eré kúrú fún ẹni tuntun: eré tí ó mọ̀ bí ẹní mowó ni kí ẹ fún un. Òfin tó ti wà láti 2018 tún lè ràn yín lọ́wọ́: agbábọ́ọ̀lù lè kópa nínú ìdíje mẹ́rin ní sáà kan kí sáà náà má sì kà mọ́ mẹ́rin tí òfin fún un. Nínú sáà tó ti bàjẹ́, àwọn tí à bá pè ní jámbáìtì nílé lẹ lè gbé jáde nínú ìdíje mẹ́rin ìkẹyìn kí ẹ mọ ohun tó wà nínú wọn. Kóòṣì tó bá lo ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìdíje karùn-ún nítorí àtiborí ẹ̀ẹ̀kan péré ti fi ọdún kan ọmọ náà ta tẹ́tẹ́.

Ìgbìyànjú kẹrin: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀

Ìgbìyànjú mẹ́ta ti lọ, yáàdì méjì ló kù. Ṣé kí ẹ gbá bọ́ọ̀lù náà lọ jìnnà fún alátakò ni, àbí kí ẹ lo ìgbìyànjú kẹrin? Tí ẹ bá lò ó tí kò yọrí sí rere, ibẹ̀ gan-an ni alátakò á ti bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, gbígbá ni gbogbo kóòṣì máa ń gbá a. Ní 2006, David Romer, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì California ní Berkeley, gbé ìwádìí jáde lórí ìdíje àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà jẹun. Ohun tó rí ni pé wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù nù lọ́pọ̀ ìgbà tó jẹ́ pé ìgbìyànjú ni ìbá ṣàǹfààní jù. Láti ìgbà náà ni ìwà àwọn kóòṣì ti ń yí padà, àwọn mìíràn sì ti wá sọ ọ́ di ẹ̀sìn.

Ẹ gbọ́ ti Kevin Kelley. Ní ilé ìwé girama Pulaski Academy ní Little Rock, ó gbajúmọ̀ nítorí pé kì í fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù nù rárá, ó sì gba ife ìpínlẹ̀ Arkansas lọ́pọ̀ ìgbà. Presbyterian College ní South Carolina gbà á ní 2021. Nínú ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́, àmì 84 ni wọ́n gbà, gbogbo Amẹ́ríkà sì ń sọ ọ́. Nígbà tí sáà fi máa parí, 2 ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 9, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìṣirò Kelley kò burú. Àmọ́ nígbà tí àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lágbára tó ti alátakò, ìgbìyànjú kẹrin tí kò bọ́ sí i ń fún alátakò ní pápá kúkúrú léraléra.

Ohun tí mo gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ ya ìwé kan ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ máa ṣe sí i: ibi tí bọ́ọ̀lù wà, yáàdì tó kù, ìgbìyànjú tàbí gbígbá. Ní àárín pápá pẹ̀lú yáàdì kan tàbí méjì, ẹ gbìyànjú. Ní ìsàlẹ̀ pápá tiyín pẹ̀lú yáàdì márùn-ún, ẹ gbá a lọ, àyàfi tí eré bá ti ń parí lọ tí alátakò sì ń ṣíwájú yín. Àwọn ibi tó wà láàárín méjèèjì ni kí ẹ jókòó bá àwọn kóòṣì yín jiyàn lé lórí. Kí ìwé náà wà lọ́wọ́ igbákejì yín ní Sátidé, kó máa kà á sí yín létí. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀ jù fún ìgbìyànjú kẹta: tí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ máa lo ìkẹrin, ẹ lè fi ìkẹta sáré pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, kò di dandan kí ẹ jù ú.

Ọ̀rọ̀ aago náà wà níbẹ̀. Bí eré bá ṣe pọ̀ tó nínú ìdíje kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó lágbára jù á ṣe máa fi agbára rẹ̀ hàn. Ikọ̀ tí kò lágbára ní láti dín eré kù. Vanderbilt ni kí ẹ lọ wò. Ní 2023, wọ́n borí nínú 2, wọ́n pàdánù 10, wọn kò sì borí ẹnì kan nínú líìgì wọn. Yunifásítì náà kò lé Clark Lea, olórí kóòṣì wọn. Lea gba dídarí ìgbèjà padà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó wá kó ìkọlù lódindi láti New Mexico State, ilé ẹ̀kọ́ tí kò lówó tó wọn, àmọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ na Auburn ní 31 sí 10: Jerry Kill tó jẹ́ olórí kóòṣì níbẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn, Tim Beck wá láti máa pe eré, Diego Pavia tó jẹ́ quarterback náà bá wọn dé. Ní 5 Oṣù Kẹwàá 2024, Alabama tó wà ní ipò kìn-ín-ní ní gbogbo Amẹ́ríkà wá bá wọn. Nínú ìṣẹ́jú 60 tí eré gbà, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Vanderbilt fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 42. Alabama kò rí bọ́ọ̀lù gbá. Vanderbilt fi 40 sí 35 borí, ó sì parí sáà náà pẹ̀lú ìṣẹ́gun 7. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Sùúrù ni, pẹ̀lú àwọn èèyàn tó ti mọ iṣẹ́ ara wọn tẹ́lẹ̀.

Ta ni kó lọ?

Abala yìí kan olùdarí eré ìdárayá yunifásítì ju kóòṣì lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí kóòṣì mọ bí wọ́n ṣe ń rò ó.

Michigan borí nínú 2 ní 2020, wọ́n pàdánù 4, ní sáà tí àrùn kòrónà gé kúrú. Ariwo pé kí Jim Harbaugh máa lọ gba ìlú. Wọ́n fún un ní àdéhùn tuntun ní Oṣù Kìn-ín-ní 2021 tó gé owó oṣù rẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì, láti bíi mílíọ̀nù 8 dọ́là lọ́dún sí bíi 4, tí ó sì lè fi ìṣẹ́gun gba owó lé e. Òun náà pààrọ̀ kóòṣì tó ń darí ìgbèjà. Wọ́n borí nínú 12 ní 2021, nígbà tí sáà 2023 sì parí, àwọn ni ikọ̀ tó gba ife orílẹ̀-èdè láìpàdánù ìdíje kankan. Ó ti hàn pé àdéhùn tó gbé owó sórí iṣẹ́ tí a ṣe dára ju lílé lọ, tí kóòṣì náà bá gbà láti fi nǹkan sílẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ ni Texas A&M. Ní Oṣù Kọkànlá 2023, wọ́n lé Jimbo Fisher ní ọjọ́ kejì tí ó na Mississippi State ní 51 sí 10, owó tí àdéhùn ní kí wọ́n san fún un sì tó bíi mílíọ̀nù 76 dọ́là. Aṣiwèrè àdéhùn ló fa ìyẹn, kóòṣì kọ́ ló kọ ọ́ nìkan. Nebraska náà, tí wọ́n bá ti dúró de 1 Oṣù Kẹwàá 2022 ni, mílíọ̀nù 7.5 ni wọn ìbá san fún Frost dípò 15. Wọn kò dúró. Mo gbà pẹ̀lú wọn, nítorí tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pọ̀ fún wíwá ẹni tuntun. Àwọn ọmọ girama ń fọwọ́ síwèé ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá, ẹni tí kò bá ní kóòṣì nígbà náà kò ní í rí ẹni gidi kó jọ.

Ní ti pípààrọ̀ ẹni tó ń pe eré láàárín sáà, ẹ rora. Colorado ṣe é ní 2023 nígbà tí wọ́n ti borí nínú 4, tí wọ́n sì ti pàdánù 4: Deion Sanders gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Sean Lewis, ó gbé e fún Pat Shurmur. Wọ́n pàdánù mẹ́rin tó kù. Àwọn márùn-ún iwájú tí kò lè dáàbò bo quarterback wọn ṣì ni àwọn márùn-ún náà, ẹnikẹ́ni ì báà máa pe eré. Florida State lé àwọn kóòṣì tó ń darí ìkọlù àti ìgbèjà ní Oṣù Kọkànlá 2024, lẹ́yìn tí Notre Dame fi 52 sí 3 nà wọ́n. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu díẹ̀, torí sáà ti kú, wọ́n kàn fẹ́ tètè wá àwọn tí yóò rọ́pò wọn ni.

Àwọn tí ẹ máa gbà láti ìta

Láti Oṣù Kẹwàá 2018 ni àkọsílẹ̀ kan ti wà tí agbábọ́ọ̀lù tó bá fẹ́ kúrò ní yunifásítì kan máa ń fi orúkọ rẹ̀ sí. Láti 2021, kò ní láti jókòó fún ọdún kan mọ́ kó tó gbá bọ́ọ̀lù fún ibi tuntun. Láti 1 Oṣù Keje ọdún kan náà ló ti lè fi orúkọ àti àwòrán rẹ̀ jẹ owó. Láti 2025, yunifásítì fúnra rẹ̀ lè pín owó fún àwọn eléré ìdárayá rẹ̀, tó tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́ fún gbogbo eré ìdárayá pọ̀. Ohun tí Snyder fi ọdún mélòó kan ṣe ti wá ṣeé ṣe ní ọdún kan.

Indiana borí nínú 3, ó pàdánù 9 ní 2023. Curt Cignetti dé láti James Madison, ó sì kó agbábọ́ọ̀lù 13 níbẹ̀ bọ̀. Ní 2024, wọ́n borí nínú 11, wọ́n pàdánù 2. Kí ẹ wo irú àwọn tó kó wá: ilé ẹ̀kọ́ tí kò lókìkí ni wọ́n ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ eré rẹ̀, wọ́n mọ ohùn rẹ̀, wọ́n sì ti borí pọ̀ rí. Tí ẹ bá fẹ́ gba ẹnì kan, ẹ bi ara yín léèrè iye ìdíje tó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí ẹ tó béèrè iye ìràwọ̀ tí wọ́n fún un nígbà tó wà ní girama. Ẹni tó ti gbá ìdíje 30 nílé ẹ̀kọ́ kékeré máa ń wúlò fún ikọ̀ tó ń jìyà ju olókìkí tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́ ńlá fún ọdún méjì.

Ohun tí ìbínú kò gbọdọ̀ pinnu

Kóòṣì tó bá pàdánù máa ń fẹ́ kí àwọn ọmọ sáré. Lójú rẹ̀, ọ̀lẹ ni wọ́n, ara wọn kò le tó, kí wọ́n sáré títí ẹ̀mí wọn á fi fẹ́ bọ́. Òfin ti fi wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ṣe ààlà ìgbáradì nígbà sáà, pẹ̀lú ọjọ́ ìsinmi kan, àmọ́ kò sí òfin tó lè bá yín ka iye ìgbà tí ọmọ kan máa sáré nínú oòrùn.

Maryland borí nínú 4, wọ́n pàdánù 8 ní 2017. Ní 29 Oṣù Karùn-ún 2018, bí wọ́n ṣe ń múra sílẹ̀ fún sáà tuntun, wọ́n ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù sáré yáàdì 110 léraléra. Ọmọ ọdún 19 kan lára àwọn tó ń jà níwájú, tí ara rẹ̀ tóbi bí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tí ooru ti wọ̀ lára. Wọn kò gbé e sínú omi tútù. Ó kú ní 13 Oṣù Kẹfà. Ọ̀gá àgbà yunifásítì náà jáde ní Oṣù Kẹjọ, ó ní ilé ẹ̀kọ́ gbà pé ẹ̀bi wọn ni. Wọ́n lé olórí kóòṣì ní 31 Oṣù Kẹwàá.

Ìtọ́jú ẹni tí ooru bá mú lọ́nà yìí kò le, owó rẹ̀ kò sì pọ̀: agbada ńlá tí omi àti yìnyín kún, nítòsí pápá, kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sáré. Ẹ tu ara rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Òfin àwọn onímọ̀ ìlera eléré ìdárayá nìyẹn. Àṣẹ pé kí eré dúró kò gbọdọ̀ jẹ́ ti kóòṣì, ọwọ́ olùtọ́jú ìlera ni kó wà, kí kóòṣì má sì lè yí i padà. Ẹ fi èyí sínú ìwé àdéhùn yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ tí ooru bá mú, tí agbada omi yìnyín kò bá sí nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lọ sílé.